Tọkọtaya tó fẹ́ lọ ṣe DTS ní Herrnhut: ẹ ka owó ìdajì kejì kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú

Ìbéèrè: Arákùnrin kan kọ̀wé sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọn kò sì tíì bímọ. Àwọn méjèèjì fẹ́ lọ ṣe DTS, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọmọlẹ́yìn Kristi tí YWAM (Youth With A Mission), ẹgbẹ́ míṣọ́n àwọn Kristẹni, ń ṣe ní Herrnhut, ní Jámánì. Ó ní ìjọ àwọn ti ṣèlérí láti ràn wọ́n lọ́wọ́, pé wọ́n sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Ó wá béèrè pé, "Kí ló yẹ ká mọ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sọ fúnni kéèyàn tó lọ?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, ẹ̀yin tọkọtaya. Kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ má tíì ta nǹkan kan nínú ẹrù ilé yín. Ìdí rẹ̀ yóò yé yín níwájú.

Ohun tó ń dí àwọn tọkọtaya láti Nàìjíríà lọ́wọ́ jù nínú irú ìrìnàjò yìí kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í sì í ṣe àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdajì méjì ni ẹ̀kọ́ náà, ti kíláàsì àti ti ìjáde ìjíhìnrere, ìdajì kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń múra sílẹ̀ fún. Wọ́n á wá owó ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n á gba físà ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n á wá ní Olúwa yóò pèsè ìyókù tí àwọn bá débẹ̀. Olúwa ń pèsè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí àkókò ìdajì kejì bá tó, orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n máa ń ránni lọ, orílẹ̀-èdè yẹn yóò sì béèrè físà tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lo páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà, nígbà tí àwọn tó jọ wà ní kíláàsì lè wọlé láìgba físà rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí DTS jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fojú sẹ́mínárì wò ó. Loren Cunningham, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá YWAM sílẹ̀ ní 1960, láti máa rán àwọn ọ̀dọ́ jáde lọ wàásù. DTS, ìyẹn Discipleship Training School, ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe é kò lè di òṣìṣẹ́ YWAM, kò sì lè wọ àwọn ẹ̀kọ́ yòókù ní University of the Nations tó jẹ́ yunifásítì ẹgbẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ 12 ni ti kíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni outreach, ìyẹn ìjáde ìjíhìnrere, tó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Lápapọ̀, ó tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Kì í ṣe dìgírì. Ẹ má retí pé TESCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ olùkọ́, tàbí ilé iṣẹ́ kankan yóò gbé yín ga lẹ́nu iṣẹ́ torí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kò sì sí owó oṣù nínú rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sanwó, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ni pàápàá kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ YWAM, ìjọ àti ọ̀rẹ́ wọn ló ń gbé bùkátà wọn. Ẹ sọ èyí fún àwọn òbí yín méjèèjì ní kedere kí ẹ tó gba físà. Bí ẹ bá dákẹ́, ohun tí ará ilé yóò máa rò ni pé ẹ ti wà lókè òkun, owó ti dé, ìbéèrè owó yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí WhatsApp láàárín oṣù àkọ́kọ́.

Bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí ní kíláàsì rèé: wọ́n á jẹun àárọ̀, olúkúlùkù á wá àyè dá wà pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, wọ́n á kọrin ìyìn tàbí kí wọ́n gbàdúrà ẹ̀bẹ̀ pọ̀, olùkọ́ á wá máa kọ́ni títí di ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń ní olùkọ́ tirẹ̀ àti kókó tirẹ̀: ìwà Ọlọ́run, bí a ṣe ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ìrònúpìwàdà àti ìdáríjì, àjọṣe ọkùnrin àti obìnrin, ogun ẹ̀mí, iṣẹ́ míṣọ́n. Lọ́sàn-án, iṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ fún nǹkan bíi wákàtí méjì: ẹ lè fọ ìkòkò, kí ẹ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ gbálẹ̀, kí ẹ gé igi. Iṣẹ́ yẹn wà lára ẹ̀kọ́, ẹ má rò pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ ni. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ ó kọ ohun tí ẹ kọ́ sínú ìwé, ẹ ó sì fà á lé ẹni tí wọ́n yàn láti máa tọ́ yín sọ́nà lọ́wọ́. Olúkúlùkù yín ni yóò ní ẹni tirẹ̀, ọkùnrin fún ọkọ, obìnrin fún ìyàwó.

Èyí gbé wa dé ọ̀rọ̀ pàtàkì kan. Ẹni méjì ni ẹ jẹ́ lójú ilé ẹ̀kọ́ náà. Fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n máa ń fẹ́, ẹ̀rí lọ́tọ̀ láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ àti ẹni tó mọ olúkúlùkù yín dáadáa, àlàyé lọ́tọ̀ lórí bí ìpè Ọlọ́run ṣe dé bá ọkọ àti bó ṣe dé bá ìyàwó. Nílé wa, ọkọ máa ń kọ ti ara rẹ̀ tán, kó jókòó kọ ti ìyàwó rẹ̀ náà, torí ó gbà pé òun ni orí ilé. Ẹ má ṣe é. Kì í pẹ́ kí ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù tó rí i pé ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Ewu tó tóbi jù sì ni pé ìyàwó tó bá ọkọ lọ láìmọ ìdí tí òun fúnra rẹ̀ fi ń lọ yóò dé ọ̀sẹ̀ kẹrin nínú òtútù láìní ohun tó máa dì mú. Bí òun kò bá tíì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti kọ, ẹ dúró di kíláàsì tó ń bọ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní DTS tí wọ́n ń pè ní Crossroads. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù nínú DTS gbogbogbòò, ọmọ ọdún 18 sí 24. Crossroads wà fún àwọn àgbà, àwọn tọkọtaya àti àwọn tó ní ọmọ. Kò sí ohun tó burú nínú kí tọkọtaya ṣe ti àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tí ẹ ń wọ̀.

Ibi tí ẹ yàn dára púpọ̀, inú wa sì dùn sí i. Ìlú kékeré ni Herrnhut, ní ìpínlẹ̀ Saxony, níbi tí Jámánì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Poland àti Czech. Àwọn Kristẹni tó sá fún inúnibíni láti Moravia, ní ilẹ̀ Czech òde òní, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1722 lórí ilẹ̀ Zinzendorf, ìjòyè Kristẹni kan ní Jámánì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1727, Ẹ̀mí Ọlọ́run bà lé wọn níbi oúnjẹ Olúwa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà tí wọ́n ń pín gbà láàárín ara wọn lọ́sàn-án lóru, tí ìtàn sọ pé ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1732, Leonhard Dober, amọ̀kòkò, àti David Nitschmann, káfíńtà, gbéra níbẹ̀ lọ sí erékùṣù St. Thomas ní òkun Karibíà, láti wàásù fún àwọn ẹrú, àwọn ọmọ Áfíríkà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Copenhagen kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n sì gbójú lé láti fi bọ́ ara wọn. Ẹ gun òkè Hutberg tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ wo ibojì àwọn ará Moravia: yàtọ̀ sí ti ìdílé Zinzendorf ní àárín, òkúta pẹlẹbẹ ló wà lórí wọn, ti olówó àti ti tálákà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́. Físà Schengen, ìyẹn físà kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, tí àwọn àlejò ń gbà, kò gbà ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180. Ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ ọjọ́ 84, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní, "84 kò tó 90, ó ti tó wa." Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, torí ẹ óò dé kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀: ó di 87. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn outreach, ọ̀pọ̀ ilé YWAM máa ń kó gbogbo ènìyàn padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, láti jíròrò ohun tí ojú rí àti láti gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè wọ inú ọjọ́ mẹ́ta. Bí físà bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti parí lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde lọ outreach. Ilẹ̀kùn ti tì. Ìdí nìyẹn tí DTS ní Jámánì fi gba físà orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ń pè ní D, tó wà fún ẹni tó fẹ́ gbé níbẹ̀ ju ọjọ́ 90 lọ. €75 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, ọ́fíìsì kọ́ńsúlétì Jámánì ní Victoria Island ní Èkó ni ẹ ó sì ti béèrè fún un. Kò yá. Oṣù mélòó kan ló máa ń gbà, ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún yín láti wá pàápàá lè jìnnà. Bí kíláàsì bá máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ kí oṣù kejì tó parí.

Nínú lẹ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ, ẹ wò ó bóyá ó sọ nǹkan mẹ́rin: ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yẹn, ibi tí ẹ ó máa sùn, ẹni tó ń sanwó oúnjẹ àti ibùsùn, àti pé ẹ ó padà wọ Jámánì lẹ́yìn outreach. Ìkẹrin yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì ń jẹ́ kí wọ́n fúnni ní físà tí a fi lè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwé ìbánigbófò ìlera gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀.

Kọ́ńsúlétì yóò fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa padà wá bá nílé. Ìdí tí a fi ní kí ẹ má ta ẹrù nìyẹn. Ẹni tó ti ta fíríìjì, tó ti ta bẹ́ẹ̀dì, tó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tó ti fi ilé háyà sílẹ̀, kò ní ìwé kankan tó máa fi hàn pé òun yóò padà wálé. Dípò kí ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ béèrè fún lííbù láìgbowó lọ́wọ́ TESCOM, ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀, kí ó ní ọjọ́ ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́ nínú. Ẹ san owó ilé tó máa gbé yín kọjá ọjọ́ ìpadà, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Kí ìyàwó mú ìwé ẹgbẹ́ aránṣọ rẹ̀ dání, àti fọ́tò ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sì purọ́ kankan. Ẹni tó bá fi DTS ṣe ọgbọ́n láti sá lọ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ba orúkọ ìjọ tó kọ̀wé fún un jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá gan-an, torí a mọ iye ọmọ Ọlọ́run tí wọ́n ń dá padà lẹ́nu físà nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe.

Nísinsìnyí, ìdajì kejì. Bí kíláàsì yín bá ní akẹ́kọ̀ọ́ 20, àwọn ará Jámánì, Switzerland, Amẹ́ríkà lè pọ̀ jù nínú wọn. Tí wọ́n bá ní ẹgbẹ́ kan ń lọ sí Éṣíà, ẹgbẹ́ kejì sí Gúúsù Amẹ́ríkà, páàsìpọ́ọ̀tù wọn yóò gbé wọn wọ ọ̀pọ̀ ibẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ̀yin yóò ní láti lọ sí ẹ́ḿbásì ní Berlin, ọ̀pọ̀ ẹ́ḿbásì kì í sì í gba ìwé ẹni tí kì í ṣe olùgbé tó dúró pẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Wọ́n á ní ẹ padà lọ béèrè ní Àbújá. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí kò sí àyè láti padà mọ́. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé wọ́n á yí ẹgbẹ́ yín padà kánkán, tàbí kí ọkọ rí físà kí ìyàwó má rí i, tàbí kí ẹ jókòó sí Jámánì kí ẹ máa ṣe iṣẹ́ ọgbà nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Ẹ lè yẹra fún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé, kí ẹ tó sanwó kankan, ẹ béèrè ibi tí àwọn kíláàsì méjì tó kọjá lọ fún outreach, àti ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà nínú wọn. Ẹ sì fi ohun tí ẹ ní lọ̀ wọ́n: òfin ECOWAS gbà kí ẹ wọ Ghana, Togo, Benin tàbí Sierra Leone fún ọjọ́ 90 láìsí físà. Ẹgbẹ́ tó bá ń wá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò láyọ̀ láti ní tọkọtaya tó gbọ́ Yorùbá, torí Yorùbá yín yóò wúlò ní Kétu, ní Sakété, ní Pọ́bẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn yòókù yóò ti máa wá ògbufọ̀. Ìtìjú kọ́ ni pé ẹ kò dé Éṣíà.

Owó ńkọ́? Owó kíláàsì máa ń jẹ́ fún oúnjẹ, ibùsùn àti ẹ̀kọ́. Owó outreach wà lọ́tọ̀, nígbà mìíràn a kì í sì í mọ iye rẹ̀ gan-an títí wọn yóò fi yan orílẹ̀-èdè. Ẹ ní kí wọ́n sọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù ní àwọn ọdún tó kọjá, kí ẹ wá fi èyí tó pọ̀ jù ṣe ìṣirò. Ẹ fi owó físà méjèèjì kún un, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ìbánigbófò, abẹ́rẹ́ àjẹsára, bàtà àti aṣọ òtútù, ọkọ̀ ojú irin láti pápákọ̀ òfuurufú Berlin tàbí Dresden, àti owó tí ẹ máa fi jẹun fún oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ di ìlọ́po méjì, torí ẹni méjì ni yín. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń dín owó kù fún àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò lágbára, torí ọ̀pọ̀ ilé YWAM máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ló ń rí i.

Ìlérí ìjọ dára, ṣùgbọ́n náírà ni ìlérí yẹn. Títí di ìdajì oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bíi ₦470. Ní oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí ìjọ rẹ̀ ṣèlérí ₦100,000 lóṣù fún rí ohun tó lé ní $210 nínú rẹ̀ ní àkọ́kọ́. Kò tó oṣù mẹ́sàn-án, ₦100,000 kan náà ti di bíi $66, bẹ́ẹ̀ ìjọ kò yẹ ìlérí rárá. Nítorí náà, ẹ kọ ìlérí sí apá kan ìwé, kí ẹ kọ owó tó ti wọlé sí apá kejì, kí ó sì jẹ́ apá kejì nìkan ni ẹ óò máa fi pinnu nǹkan. Bí owó bá ṣe ń wọlé ni kí ẹ máa sọ ọ́ di yúrò tàbí dọ́là nínú àkáǹtì dọ́mù yín. Báńkì lè ta owó ìrìnàjò PTA fún yín, $4,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ọkọ àti ìyàwó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó outreach àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ gbọ́dọ̀ ti pé lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọ bàálù. Ó sàn kí ẹ sún un síwájú kí ó pé ju kí ẹ lọ kí ó má pé lọ.

Ẹ má retí pé ẹ ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ìyàwó bá ránṣọ fún aládùúgbò tó sì gbowó, iṣẹ́ ni lójú òfin. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tún síìpù jákẹ́ẹ̀tì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ilé ni yóò mọ orúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó kó àlùmọ́gàjí, abẹ́rẹ́, okùn ìwọ̀n àti òwú dání, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe báàgì ọwọ́. Àlùmọ́gàjí tí abẹ rẹ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀.

Ẹ lè kó gàrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ dání. Ẹ má kó pọ̀nmọ́, kìlíṣí, ẹran gbígbẹ tàbí wàrà: òfin Yúróòpù kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọlé láti ìta, wọ́n á kó o dànù, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín. Oúnjẹ gbígbóná, ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń jẹ ẹ́ ní Jámánì. Lálẹ́, búrẹ́dì, wàràkàṣì àti ẹran tútù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ ni. Fún ẹni tí kò lè sùn láìjẹ àmàlà, oṣù àkọ́kọ́ máa ń le. Ẹ béèrè bóyá àwọn tọkọtaya lè lo ilé ìdáná ní ọjọ́ Sátidé. Bí ẹ bá lọ ní oṣù kìíní, yìnyín lè bo ilẹ̀. Ẹ má ra aṣọ òtútù púpọ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ ilé YWAM ní yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi sílẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ sì ni. Bàtà ni kí ẹ wá owó sílẹ̀ fún, èyí tí omi kò lè wọ̀. Kí òrí pọ̀ nínú ẹrù yín, torí afẹ́fẹ́ inú ilé tí wọ́n ń dáná sí máa ń gbẹ ara.

Yàrá ńkọ́? Àwọn àpọ́n máa ń sùn mẹ́rin sí mẹ́fà nínú yàrá. Tọkọtaya máa ń ní yàrá tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè, kí ẹ gba ìdáhùn lákọsílẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí ẹ ó máa bá àwọn mìíràn pín in.

Ẹni tó máa ṣe olórí yín lè jẹ́ ọmọ ọdún 23, á máa pè yín ní orúkọ gan-an láìsí "bùrọ̀dá" tàbí "àǹtí", á sì sọ àṣìṣe yín fún yín lójú ìyàwó yín. Kò ní ẹ̀gàn kankan lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ̀yin bá ń wolẹ̀ nígbà tí ó ń bá yín sọ̀rọ̀, ó lè rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ wò ó lójú.

Èyí tó kàn yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní ọ̀sẹ̀ ìrònúpìwàdà àti ìdáríjì, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ dìde láàárín ẹgbẹ́, kó jẹ́wọ́ ohun tó ti ń dá gbé lọ́kàn, kí wọ́n sì gbàdúrà fún un. Ó ti tú ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọkọ bá dìde tó sọ ohun kan nípa obìnrin tí ó mọ̀ kí ó tó gbéyàwó, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú ènìyàn 20 àjèjì, kò síbi tí obìnrin yẹn máa sá lọ: kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n, yàrá kan náà ni wọ́n jọ máa padà sí lálẹ́. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wá alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sọ ohun tó wà láti sọ fún ara yín, kí pásítọ̀ tí ẹ fọkàn tán mọ̀ bí ó bá wúwo. Kí ẹ sì jọ gbà pé ohunkóhun tó bá kan ẹ̀yin méjèèjì, yàrá yín ni ẹ ti kọ́kọ́ máa gbọ́ ọ. Ẹ lè sọ fún olórí yín pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fẹ́. Olórí tó dára yóò bọ̀wọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ oyún náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti wọ ara ní ọjọ́ 10 kí ẹ tó wọ orílẹ̀-èdè tó ń béèrè káàdì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Àwọn dókítà kì í fẹ́ fún aláboyún ní abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n sì máa ń ní kí obìnrin dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ kó tó lóyún. Nítorí náà, ẹ gbà á ní kùtùkùtù. Kí káàdì yẹn jẹ́ ojúlówó, láti ọ̀dọ̀ Port Health: ní oṣù kẹta 2012, South Africa dá èrò 125 padà sí Nàìjíríà nítorí ọ̀rọ̀ káàdì yìí. Bí oyún bá dé nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kíá. Ìbánigbófò ìrìnàjò púpọ̀ kì í san owó ìtọ́jú oyún, ó yẹ kí ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tí oyún bá ti tó ọ̀sẹ̀ 28, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú máa ń béèrè ìwé dókítà. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 36, wọn kì í gbé aláboyún mọ́. Outreach ní àárín igbó pẹ̀lú oyún oṣù méjì àkọ́kọ́ tí ibà wà níbẹ̀ jẹ́ ewu tí kò sí ẹni tó yẹ kó fipá mú yín wọ̀.

Bí ara bá gbóná fún ẹnikẹ́ni nínú yín ní Jámánì, ẹ sọ fún dókítà ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé Nàìjíríà ni ẹ ti wá, kí ó yẹ̀ yín wò fún ibà. Dókítà tí kì í rí ibà lè pè é ní òtútù lásán. Tí ẹ bá sì padà délé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara yín kò ní lágbára láti kojú ibà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n láti alẹ́ àkọ́kọ́.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ Jámánì? Rárá o. YWAM ń ṣe DTS ní Jos, wọ́n ń ṣe é ní Ghana, wọ́n sì ń ṣe é ní Togo lábẹ́ orúkọ Jeunesse en Mission. Ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn ń ṣí: ẹni tó ṣe é ní Jos lè lọ wọ ẹ̀kọ́ kejì ní Herrnhut, ẹnikẹ́ni kò ní ní kó tún DTS ṣe. Bí ẹ bá béèrè ìmọ̀ràn wa fún tọkọtaya tí owó wọn kò tíì pé, Jos tàbí Lomé ni a máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ bóyá irú ìgbé ayé yìí jẹ́ tiyín, náírà tàbí sẹ́fà ni ẹ ó ná, lẹ́yìn náà Herrnhut yóò wá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ mọ ìdí tí ẹ fi ń lọ kọ́ ọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun ni aṣojú YWAM tó lè "bá yín ṣe é" ní Èkó. Ẹ kọ̀wé tààrà sí ilé ẹ̀kọ́ láti ojú òpó ywam.org, ẹ má sanwó sí àkáǹtì tó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Herrnhut. Ẹ béèrè irú físà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wá ṣáájú yín lò, ibi tí wọ́n lọ fún outreach àti bí wọ́n ṣe padà wọlé, iye tó pọ̀ jù tí outreach ti ná ènìyàn kan, ohun tí wọ́n máa dá padà nínú owó yín bí wọn kò bá fún yín ní físà, bóyá ẹ ó ní yàrá tiyín, àti ohun tí ìbánigbófò wọn sọ lórí oyún. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí wọ́n bá dáhùn gbogbo rẹ̀ ní kedere, ẹ wá ọjọ́ ní kọ́ńsúlétì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé lííbù. Tí ìdáhùn lórí físà àti ìpadàwọlé bá fì síbí fì sọ́hùn-ún, ẹ kọ ìwé kejì sí Jos.